Àkọsílẹ̀ Oògùn Tó Péye: Iṣẹ́ Àjọṣe Aláìsàn àti Òṣìṣẹ́ Ìlera

Nígbà tí aláìsàn bá jókòó síwájú dókítà ní ọsibítù, ohun tí dókítà kọ́kọ́ máa ń ṣí ni fáìlì rẹ̀. Inú fáìlì náà ni wọ́n kọ orúkọ àwọn oògùn tí wọ́n fún un nígbà tó wá kẹ́yìn sí. Orí àkọsílẹ̀ yìí ni dókítà ń gbé ìpinnu rẹ̀ kà: bóyá kí òun fi oògùn kún oògùn ni, kí òun dín in kù ni, tàbí kí òun fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ohun tó wà nínú fáìlì bá ohun tí aláìsàn ń gbé mì nílé mu? Àwọn onímọ̀ ìlera ti rí i pé lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn méjèèjì kì í bára mu.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣìkọ lásán. Ó lè mú kí ènìyàn lo oògùn kan náà ní ìlọ́po méjì láìmọ̀. Ó lè mú kí oògùn méjì tí kò yẹ kí wọ́n pàdé lọ pàdé nínú ara. Ó sì lè mú kí dókítà fi kún agbára oògùn tí aláìsàn ti pa tì láti oṣù méjì sẹ́yìn. Ìdí nìyí tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìlera wa ti òní fi dá lórí bí àkọsílẹ̀ oògùn ṣe lè péye ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn aláìsàn tó ń ti ilé wá, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí GOPD, àti ní àwọn kíníkì ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà.

Ohun tí àwọn àjọ àgbáyé ń sọ

Ní oṣù kẹta ọdún 2017, ní ìlú Bonn ní orílẹ̀-èdè Jámánì, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, bẹ̀rẹ̀ ìpolongo kan tí a lè pè ní "Oògùn Láìsí Ìpalára". Ète rẹ̀ ni láti dín ìpalára ńlá tí oògùn ń fà, èyí tó ṣeé yẹra fún, kù sí ìdajì láàárín ọdún márùn-ún. Àjọ náà ṣírò rẹ̀ pé owó tí àṣìṣe oògùn ń ná aráyé lọ́dọọdún tó bílíọ̀nù 42 dọ́là Amẹ́ríkà. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ní kí orílẹ̀-èdè gbogbo kọ́kọ́ mójú tó: lílo oògùn púpọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ipò tí ewu oògùn ti pọ̀, àti ìgbà tí aláìsàn bá ń ti ọwọ́ olùtọ́jú kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ọ̀rọ̀ ààbò oògùn yìí kan náà ni wọ́n fi ṣe àkòrí Àyájọ́ Ààbò Aláìsàn Lágbàáyé.

Ṣáájú ìgbà náà, ní ọdún 2005, àjọ Joint Commission, tó ń ṣàyẹ̀wò bí àwọn ọsibítù ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe ń ṣiṣẹ́ sí, ti sọ ọ́ di ọ̀kan lára àfojúsùn ààbò rẹ̀ pé kí wọ́n máa fi oògùn tí aláìsàn ń lò wé èyí tí wọ́n fẹ́ kọ fún un. Gbogbo èyí fi hàn pé ìṣòro náà kì í ṣe ti ilẹ̀ wa nìkan. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó ń gbà yọjú lọ́dọ̀ wa ní àwọ̀ tirẹ̀, ó sì yẹ kí a mọ̀ ọ́n.

Kí ni à ń pè ní àkọsílẹ̀ tó péye?

Àkọsílẹ̀ oògùn tó péye kì í ṣe àkọsílẹ̀ ohun tí dókítà ní kí aláìsàn lò. Àkọsílẹ̀ ohun tí aláìsàn ń lò gan-an ni, àti bí ó ṣe ń lò ó. Ó gbọ́dọ̀ ní oògùn tí ọsibítù fún un, èyí tó rà ní kẹ́míìsì, èyí tí ẹbí fi ránṣẹ́ láti òkè òkun, àgbo, àgúnmu, fítámì, oògùn tí wọ́n ń kán sójú, èyí tí àwọn onikọ́ fée ń fà sínú, ìpara, àti abẹ́rẹ́ ìfètò sọ́mọ bíbí. Bí ó bá wọ inú ara tàbí tó kan ara láti wo àrùn, ó yẹ kó wà nínú àkọsílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká yẹ àpẹẹrẹ kan wò

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá àgbà kan, ẹni ọdún 68, ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó ni à ń sọ; ohun tó wọ́pọ̀ ní kíníkì ni a kó jọ sára rẹ̀ kí ẹ̀kọ́ náà lè yé wa.

Fáìlì màmá sọ pé oògùn mẹ́ta ló ń lò: amlodipine 10mg lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ àti lisinopril 10mg lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ fún ẹ̀jẹ̀ ríru, àti metformin 500mg láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ìtọ̀ ṣúgà. Ìfúnpá rẹ̀ ga lọ́jọ́ náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì wú. Bí dókítà bá gbára lé fáìlì nìkan, ó ṣeé ṣe kó sọ lisinopril 10mg di 20mg, kó sì ní kí màmá padà wá lẹ́yìn oṣù kan.

Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ti ní kí màmá kó gbogbo oògùn ilé rẹ̀ dání. Wọ́n tú àpò náà sórí tábìlì.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, màmá. Èyí tó wà nínú páálí yìí ńkọ́?"

"Ìyẹn lèyí tí ọmọ mi fi ránṣẹ́ láti London. Ó ní tọ̀hún dáa ju tibí lọ."

"Ṣé ẹ ń lò ó mọ́ ti ọsibítù ni, mà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Mò ń lo tibí láàárọ̀, mo ń lo ti London lálẹ́."

Orúkọ tó wà lára páálí London náà ni Istin. Istin àti amlodipine, oògùn kan náà ni. Èyí tó pọ̀ jù lọ tí àgbàlagbà gbọ́dọ̀ lò lójúmọ́ nínú amlodipine ni 10mg, ṣùgbọ́n 20mg ni màmá ń lò. Ẹsẹ̀ wíwú sì jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí a mọ̀ mọ oògùn yìí, pàápàá bí ó bá pọ̀ lára.

Nígbà tí ẹsẹ̀ wú, màmá lọ sí kẹ́míìsì àdúgbò, wọ́n sì ta Lasix fún un, ìyẹn oògùn tó ń mú kí ènìyàn tọ̀ púpọ̀. Oògùn kan ló fa ìṣòro, wọ́n sì fi oògùn mìíràn lé e lórí. Nítorí orúnkún tó ń dùn ún, màmá tún ń lo diclofenac tó rà fúnra rẹ̀. Diclofenac àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí ibuprofen lè mú kí ìfúnpá ga, wọ́n sì lè mú kí omi dúró sára. Èyí lè wà lára ìdí tí ìfúnpá màmá kò fi wálẹ̀ pẹ̀lú gbogbo oògùn tó ń lò.

Lisinopril tó wà nínú fáìlì ńkọ́? Màmá ti pa á tì láti oṣù méjì, nítorí ó ń mú un wú ikọ́ gbígbẹ tọ̀sán-tòru. Lóòótọ́, lisinopril máa ń fa irú ikọ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi màmá, òun náà kò sì sọ. Metformin ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀kan ló ń lò ó dípò ẹ̀ẹ̀mejì, kó lè tó o lò dé ìparí oṣù. Ìgò àgbo jẹ̀dí kan tún wà nísàlẹ̀ àpò.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Nínú oògùn mẹ́ta tó wà nínú fáìlì, kò sí ẹyọ kan tí màmá ń lò bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ohun mẹ́rin ló sì ń lò tí kò sí nínú fáìlì rárá. Ká ní dókítà ti fi kún lisinopril, tí màmá sì fi ìgbọràn bẹ̀rẹ̀ sí lò ó padà, lisinopril, Lasix àti diclofenac ì bá pàdé nínú ara àgbàlagbà. Àwọn onímọ̀ ti kìlọ̀ tipẹ́ pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí lápapọ̀ lè ṣe kíndìnrín ní ìjàǹbá. Bí kíndìnrín bá sì ti daṣẹ́ sílẹ̀, metformin pàápàá lè di ewu, nítorí ọ̀dọ̀ kíndìnrín ló ń gbà jáde kúrò lára.

Pẹ̀lú àkọsílẹ̀ tó péye, ìpinnu dókítà yí padà pátápátá: kí màmá má lo Istin mọ́ amlodipine mọ́, kí wọ́n wá ìtọ́jú mìíràn fún orúnkún dípò diclofenac, kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ Lasix yẹ̀ wò, kí wọ́n fi oògùn bí losartan, tí kì í sábà fa ikọ́, rọ́pò lisinopril, kí wọ́n sì ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ láti mọ bí kíndìnrín ṣe wà.

Ohun márùn-ún tó ń ba àkọsílẹ̀ jẹ́

Èkínní ni orúkọ púpọ̀ fún oògùn kan ṣoṣo. Bí ọmọ Yorùbá ṣe ń ní orúkọ àbísọ tó tún ń ní ìnagijẹ, bẹ́ẹ̀ ni oògùn ṣe ní orúkọ àbísọ tirẹ̀ àti orúkọ tí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ń tà á. Amlodipine ni Norvasc, òun náà ni Istin. Glibenclamide ni Daonil. Paracetamol ni Panadol. Nígbà mìíràn, orúkọ àbísọ gan-an máa ń yàtọ̀ láti ilẹ̀ kan sí òmíràn: ohun tí à ń pè ní paracetamol ni wọ́n ń pè ní acetaminophen ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì ń tà ní Tylenol, salbutamol tiwa ni wọ́n ń pè ní albuterol, glibenclamide sì ni glyburide lọ́hùn-ún. Ẹni tí ọmọ ń fi oògùn ránṣẹ́ sí láti òkè òkun gbọ́dọ̀ mọ èyí. Bákan náà, ọ̀pọ̀ oògùn ọ̀fìnkìn ló ní paracetamol nínú. Ẹni tó bá lò wọ́n pọ̀ mọ́ Panadol lè kọjá gíráàmù mẹ́rin, ìyẹn hóró mẹ́jọ tó jẹ́ 500mg, láàárín wákàtí 24. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ̀dọ̀ wà nínú ewu.

Ìyípadà orúkọ yìí tún pọ̀ sí i lẹ́nu ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ilé iṣẹ́ GlaxoSmithKline kéde pé òun ń dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní Nàìjíríà. Àwọn tó ń lo Ventolin àti Seretide fún ikọ́ fée rí i bí owó wọn ṣe gòkè àti bí wọ́n ṣe ṣọ̀wọ́n, ọ̀pọ̀ wọn sì ní láti wá èyí tó ń jẹ́ orúkọ mìíràn. Bí oògùn bá pa orúkọ dà, tí kò sẹ́ni tó tún fáìlì ṣe, ẹni tó bá padà rí ti àtijọ́ rà lè máa lo méjèèjì pọ̀.

Èkejì ni olùtọ́jú púpọ̀. Aláìsàn kan náà lè máa lọ sí ọsibítù ìjọba fún ẹ̀jẹ̀ ríru, kó máa lọ sí ti aládàáni fún ibà, kó máa lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ojú, kó sì máa ra òmíràn ní kẹ́míìsì. Olúkúlùkù wọn ní fáìlì tirẹ̀, fáìlì wọ̀nyí kì í sì í sábà pàdé. Aláìsàn nìkan ni ẹni tó ń lọ síbi gbogbo.

Ẹ̀kẹta ni owó. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ìbánigbófò ìlera ti ọdún 2022 ní kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà wà lábẹ́ ìbánigbófò, àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì fi ń ra oògùn. Ẹni tí wọ́n kọ oògùn mẹ́rin fún lè ra méjì, kó sì fi èyí tó kù sílẹ̀ dìgbà tí owó bá wọlé. Ọ̀rọ̀ yìí kì í wọ inú fáìlì.

Ẹ̀kẹrin ni ìtìjú àti ìbẹ̀rù. Ọ̀pọ̀ aláìsàn kì í sọ̀rọ̀ àgbo níwájú dókítà nítorí wọn kò fẹ́ kí wọ́n bá àwọn wí. Ṣùgbọ́n àgbo tó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ lè bá oògùn ìtọ̀ ṣúgà pàdé, kí ṣúgà sì lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tó sì ń lo àáyù púpọ̀ gẹ́gẹ́ bí egbòogi, lè máa ṣẹ̀jẹ̀ ju bó ṣe yẹ. Òṣìṣẹ́ ìlera tó bá ń fi àgbo ṣe yẹ̀yẹ́ ń ti ìlẹ̀kùn òtítọ́ mọ́ ara rẹ̀ ni.

Ẹ̀karùn-ún ni àdàkọ. Nígbà tí èrò bá pọ̀, ó rọrùn láti kọ "kí ó máa lo oògùn rẹ̀ lọ" sínú fáìlì láìbéèrè oògùn wo. Bẹ́ẹ̀ ni àṣìṣe ọdún tó kọjá yóò ṣe máa tẹ̀ lé aláìsàn wọ ọdún tuntun.

Ìbéèrè tó ń mú òtítọ́ jáde

Èdè ṣe pàtàkì nínú iṣẹ́ yìí. Bí ọ̀dọ́mọdé dókítà bá bi àgbàlagbà pé, "Ṣé ẹ ń lo oògùn yín déédéé?" ìdáhùn tí ọ̀wọ̀ àti ìtẹríba ń mú wá ni "Bẹ́ẹ̀ ni, dókítà, ẹ ṣeun." Ìbéèrè náà ti fi ìdáhùn sí i lẹ́nu. Ó dára kí a béèrè lọ́nà tí aláìsàn yóò fi ròyìn:

"Bí ẹ bá jí láàárọ̀, èwo lẹ kọ́kọ́ ń lò? Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́, títí di ìgbà tí ẹ máa sùn?"

"Kò sẹ́ni tí kì í gbàgbé oògùn. Láàárín ọjọ́ méje tó kọjá yìí, ìgbà mélòó ni ẹ kò rí i lò?"

"Èwo ni ẹ ti fi sílẹ̀, kí ló sì fà á?"

"Yàtọ̀ sí hóró oògùn, kí lẹ tún ń mu, tí ẹ ń kán, tí ẹ ń fi para, tàbí tí wọ́n ń fi gún yín lábẹ́rẹ́?"

"Ta ló tún ń fún yín ní oògùn yàtọ̀ sí wa?"

Ọ̀rọ̀ náà "oògùn" pàápàá gba àkíyèsí. Nínú èdè Yorùbá, ó kan hóró oògùn, ó kan àgbo, ó sì kan ohun tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi ènìyàn ní ọsibítù pé, "Oògùn wo lẹ ń lò?" èyí tí ọsibítù fún un nìkan ló máa ń rò pé wọ́n ń béèrè. Nítorí náà, ẹ máa dárúkọ wọn níkọ̀ọ̀kan.

Bákan náà, "méjì lójúmọ́" kò sọ ohun tí "lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́" sọ. Ẹnì kan lè gbọ́ "méjì lójúmọ́" kó gbé hóró méjì mì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹlòmíràn yóò lo ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́. Kí iyèméjì má bàa sí, ẹ kọ ọ́, ẹ sì sọ ọ́ báyìí: "hóró kan láàárọ̀, hóró kan lálẹ́."

Bí kíníkì ṣe lè ṣe é

Ọ̀pọ̀ yóò béèrè pé níbo ni àyè wà, nígbà tí èrò ti kún orí bẹ́ǹṣì láti aago méje àárọ̀? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kí a pín iṣẹ́ náà, kó má jẹ́ ti dókítà nìkan.

1. Nígbà tí wọ́n bá ń fún aláìsàn ní ọjọ́ tí yóò padà wá, kí wọ́n sọ fún un pé kó kó gbogbo oògùn ilé rẹ̀ sínú àpò kan wá, àtèyí tó ti tán tó ku páálí. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti ń lo ọ̀nà yìí.

2. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bá ń wọn ìfúnpá, kí ó tẹ́ oògùn náà sórí tábìlì, kí ó sì béèrè àwọn ìbéèrè òkè yìí.

3. Kí ó fi wọ́n wé fáìlì, kí ó sì pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin: èyí tó bára mu, èyí tó wà nínú fáìlì tí aláìsàn kò lò, èyí tí aláìsàn ń lò tí kò sí nínú fáìlì, èyí tó wà níbi méjèèjì ṣùgbọ́n tí iye tàbí ìgbà rẹ̀ yàtọ̀.

4. Níbi tí apoògùn bá wà, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá oògùn kan náà ń jẹ́ orúkọ méjì, bóyá méjì ń bára wọn jà, bóyá ọjọ́ ti kọjá lórí èyíkéyìí, àti bóyá nọ́ńbà NAFDAC wà lára èyí tí wọ́n rà nílẹ̀ wa.

5. Kí dókítà ṣe ìpinnu lórí ìyàtọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ó kọ àkọsílẹ̀ tuntun pẹ̀lú ọjọ́ lórí rẹ̀, kí ó sì fa ìlà sí ti àtijọ́.

6. Kí aláìsàn gba ẹ̀dà kan, kí wọ́n sì ní kó fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé bí yóò ṣe lò ó. Bí àlàyé rẹ̀ kò bá bára mu, olùkọ́ ni kó tún ẹ̀kọ́ náà kọ́. Kí wọ́n má bá aláìsàn wí.

Bí àyè kò bá tó fún gbogbo ènìyàn, ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí ewu wọn pọ̀: ẹni tó ń lo oògùn márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn àgbàlagbà, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ní àbùkù, ẹni tó ń lo warfarin tàbí insulin, àti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ̀ǹda láti wọ́ọ̀dù.

Kíníkì tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òun ń tẹ̀ síwájú kò nílò kọ̀ǹpútà. Lóṣooṣù, kí wọ́n mú fáìlì ogún, kí wọ́n fi wé ohun tó wà nínú àpò àwọn aláìsàn náà, kí wọ́n sì kọ iye tó bára mu sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ mẹ́rin ló bára mu lóṣù yìí, tó di mẹ́wàá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, gbogbo òṣìṣẹ́ yóò rí i pé làálàá wọn kò já sí asán.

Ìwé oògùn tí aláìsàn yóò máa mú dání

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ má dúró de ọsibítù. Ẹ mú ìwé pélébé kan, tàbí kí ẹ ní kí ọmọ bá yín kọ ọ́ sórí fóònù. Fún oògùn kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ nǹkan wọ̀nyí: orúkọ àbísọ rẹ̀ àti orúkọ tó wà lára páálí, agbára rẹ̀, bí i 5mg tàbí 500mg, iye tí ẹ ń lò àti ìgbà tí ẹ ń lò ó, àìsàn tí ẹ ń lò ó fún, ẹni tó fún yín àti ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀. Nísàlẹ̀, ẹ kọ oògùn tí ara yín kò gbà àti ohun tó fi ojú yín rí. Ẹ tún kọ èyí tí wọ́n ti ní kí ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró, kí ẹlòmíràn má bàa tún un kọ fún yín.

Ìgbà márùn-ún wà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó yẹ kí aláìsàn kíyè sí ọ̀rọ̀ oògùn rẹ̀: nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀ oògùn, nígbà tó bá ń lò ó lọ́wọ́, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi òmíràn kún un, nígbà tí wọ́n bá ń ṣàtúnyẹ̀wò rẹ̀, àti nígbà tó bá fẹ́ dáwọ́ dúró. Ní ìgbà márààrún yìí, ẹ mú ìwé náà jáde. Ẹ fi han dókítà, ẹ fi han apoògùn, ẹ sì fi han oníkẹ́míìsì kí ẹ tó san owó. Ẹ fún ẹnì kan nínú ilé ní ẹ̀dà rẹ̀, nítorí ọjọ́ pàjáwìrì.

Ìkìlọ̀ pàtàkì

Bí ẹ bá rí i pé oògùn méjì tí ẹ ń lò jọ kan náà ni wọ́n, tàbí pé oògùn kan kò bá yín lára mu, ẹ tètè lọ bá dókítà tàbí apoògùn. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ ara yín dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ti ìtọ̀ ṣúgà, ti wárápá tàbí ti ọkàn dúró lójijì, nítorí òmíràn wà tí dídá a dúró lójijì léwu ju lílò rẹ̀ lọ. Bí owó ni kò tó, ẹ sọ ọ́ láìtijú. Dókítà tó mọ̀ pé owó ni ìṣòro lè kọ èyí tó dínwó tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Dókítà tí kò mọ̀ yóò rò pé oògùn kò ṣiṣẹ́, yóò sì kọ èyí tó le jù ú lọ.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Dókítà mọ oògùn, aláìsàn ló mọ ohun tó ń gbé mì. Níbi tí ìmọ̀ méjèèjì bá ti pàdé lórí ìwé kan ṣoṣo ni àkọsílẹ̀ ti ń péye. Nítorí náà, kí ọjọ́ tí ẹ máa padà sí kíníkì tó pé, ẹ wo orí kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ wo abẹ́ ìrọ̀rí, ẹ wo inú báàgì, kí ẹ sì kó gbogbo oògùn tí ẹ bá rí níbẹ̀ dání.